Tí ìbéèrè yín bá ń mú òfo bọ̀, ẹ wo àmì àyọlò yín ná

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní ẹ gbọ́ SQL díẹ̀, pé ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ InfluxQL, èdè tí a fi ń bi ibi ìpamọ́ dátà InfluxDB ní ìbéèrè, ló rú yín lójú, pé ẹ fẹ́ yọ ìpíndọ́gba ooru wákàtí kọ̀ọ̀kan láti ara sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò le. Measurement ló dúró sí ipò tébù, MEAN á ṣe ìpíndọ́gba, GROUP BY time(1h) á gé àkókò sí wákàtí-wákàtí. Ìyẹn ò gbà yín ní ọ̀sán kan.

Ohun tó jẹ mí níyà ni kí n sọ. MySQL ni mo ti ń lò tẹ́lẹ̀, níbi tí èèyàn ti lè fi àmì àyọlò onílà kan (') tàbí onílà méjì (") yí ọ̀rọ̀ ká bó ṣe wù ú. Mo wá kọ WHERE "room" = "A2". Òfo ló mú wá. Kò ní mo ṣe àṣìṣe, kò kìlọ̀ fún mi, òfo ṣáá ni. Mo yí àkókò padà, òfo. Mo pa sáfà, mo tún un tàn, òfo. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko! Ibi iṣẹ́ wa bá lọ sanwó fún ògbóǹtarìgì kan. Kò wo ojú kọ̀ǹpútà tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi ní, "Dátà yín ò wọlé dáadáa, ẹ pa á rẹ́ kí ẹ tún un kó." Èmi náà, bí ọ̀dẹ̀, mo pa dátà oṣù kan rẹ́. Dátà yẹn wà níbẹ̀ digbí! Orúkọ tag (àmì ìdánimọ̀ dátà, bíi yàrá) tàbí field (iye tí a wọ̀n, bíi ooru) ni InfluxQL ń fi àmì onílà méjì mọ̀, onílà kan ló wà fún ọ̀rọ̀ tí à ń wá. InfluxQL rò pé field kan wà tó ń jẹ́ A2 ni. Títí dòní, tí mo bá rántí iye tí ọkùnrin yẹn gbà, inú mi á tún ru.

Ẹ má tún SELECT tag nìkan o, òfo náà ni. Ẹ mú field kan mọ́ ọn.

Sẹ́ńsọ̀ yín ńkọ́, ṣé tag ni ẹ fi orúkọ wọn sí? Tó bá jẹ́ field ni, GROUP BY ò ní lè pín wọn sọ́tọ̀. Tí ẹ ò bá sì fi orúkọ wọn síbẹ̀ rárá, tí sẹ́ńsọ̀ méjì bá kọ̀wé ní àkókò kan náà gan-an, ti ìkejì á bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ má sọ nọ́ńbà tó ń yí padà lójoojúmọ́ di tag, á jẹ mẹ́mọ́rì yín tán.

Àkókò UTC, ìyẹn àkókò àgbáyé, ni InfluxDB ń lò. Tí ẹ bá ń gé e sí ọjọ́-ọjọ́, tí ààlà ọjọ́ ò sì bá ti ọ̀dọ̀ yín mu, tz(), tó ń sọ agbègbè àkókò yín, ni kí ẹ fi kún un. Ẹni tó bá ní kí ẹ lo fill(0), tó ń fi òdo dí ibi tí dátà ò sí, ẹ má dá a lóhùn. Sẹ́ńsọ̀ á ti kú, àwòrán yín á máa sọ pé ooru ti di òdo.

Ẹ̀n-ẹ́n, ohun tí ẹ béèrè gan-an:

SELECT MEAN("temperature") FROM "climate" WHERE "room" = 'A2' AND time >= now() - 24h GROUP BY time(1h), "sensor" fill(none)

Ẹ fi orúkọ tiyín rọ́pò tèmi. Tó bá ṣì ń mú òfo wá, ẹ kọ SHOW TAG KEYS FROM "climate" kí ẹ wo bí orúkọ náà ṣe rí gan-an, torí lẹ́tà ńlá àti kékeré ò dọ́gba lójú rẹ̀. Ẹ má pa nǹkan kan rẹ́ o.