Èmi Rí Erin Fìrí

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Nínú ìwé tó kọjá mo ní kẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi nípa họ́lídé tẹ́ ẹ ti lò nínú igbó ẹranko, kẹ́ni tó bá níbèérè náà bi mí. Mo rò pé mẹ́ta mẹ́rin ló máa wá, àṣé gbogbo yín lẹ ti ń rìn kiri láìsọ fún èèyàn. Mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ jẹ́ ká ti ọ̀dọ̀ Bàbá Ìbejì bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ ló pa mí lẹ́rìn-ín jù.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa níbí là ń gbé. Ìyàwó mi ní dípò ká lọ sílé ní Ìkìrun lásìkò ọdún Àjíǹde, ká kó àwọn ọmọ lọ sí Yankari, igbó ẹranko tó wà ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Mọ́mì mi tó wà lọ́dọ̀ wa ní òun ò gbọ́ ọ rí kéèyàn máa sanwó torí kó lè rí ẹran ìgbẹ́, pé ọdẹ ni bàbá òun, inú àpò lẹran ti ń wá bá àwọn nílé. Ṣé ó tó nǹkan téèyàn ń náwó sí? Ṣé a máa rí kìnnìún? Ṣé kí n mú Mọ́mì dání àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀? (Bàbá Ìbejì, Kubwa)

ÈSÌ: Bàbá Ìbejì, ẹ bá mi kí Mọ́mì o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ti kìnnìún kó lè kúrò ńlẹ̀. Kìnnìún wà ní Yankari, òun àti igbó Kainji nìkan ló kù tí kìnnìún ṣì wà nínú igbó ní gbogbo Nàìjíríà, ṣùgbọ́n wọn ò pọ̀ rárá, igbó yẹn sì fẹ̀ tó 2,244 kìlómítà níbùú lóòró, ibo lẹ fẹ́ bá wọn. Ẹ má ṣèlérí kìnnìún fọ́mọ kankan. Èmi ṣe é, mo sì jẹ iyán mi níṣu.

Oṣù kìíní la lọ tiwa, èmi, Dádì àwọn ọmọ, àwọn ọmọ méjèèjì àti àbúrò ọkọ mi obìnrin. Aago mẹ́ta òru la ti ń se mọ́ínmọ́ín, mọ́ínmọ́ín eléwé o, ẹlẹ́yin, torí àbúrò ọkọ mi ní òun ò lè jẹ oúnjẹ ojú ọ̀nà. A kúrò l'Abuja láago márùn-ún, a gba Keffi, a dé Akwanga, ibẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn ti bẹ́, a wá ní ká gbé sípíà jáde, sípíà tí fọkanáísà kan ti gbowó lé lórí lọ́sẹ̀ tó ṣáájú pé òun ti lẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ bí àmàlà. Wákàtí méjì gbáko. Ìgbà tá a máa fi gun òkè Hawan Kibo dé Jos, ọ̀sán ti pọ́n, ìgbà tá a sì máa wọ Bauchi, wọ́n ti ń pe ìrun Mọ̀gàríbà.

Nítorí náà ẹ má wulẹ̀ gbìyànjú àtidé Yankari lọ́jọ́ kan náà, ẹ sùn ní Bauchi. Igbó yẹn ṣì tó 110 kìlómítà sí ìgboro, ìrìn alẹ́ ò sì dáa níbikíbi lókè Ọya lásìkò tá a wà yìí. Ọ̀sẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbéra gan-an ni kẹ́ ẹ bi àwọn tó ń gbébẹ̀ bí ọ̀nà ṣe rí, ẹ má lo ìròyìn oṣù tó kọjá. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ lè yà wo ibi tí wọ́n sin Tafawa Balewa sí, inú ìgboro náà ni, kò ní pẹ́ yín, kẹ́ ẹ tó bọ́ sọ́nà igbó.

A dé géètì Mainamaji, a sanwó, a tún wakọ̀ gba àárín igbó títí ká tó dé Wikki níbi táwọn yàrá wà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kí n na ẹsẹ̀ ni. Àbúrò ọkọ mi ò ti ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ìnàkí kan yọ, kò sáré, kò yọ́ rìn bí olè, ó wọnú ọkọ̀ wa bí onílé, ó sì wọ́ kúlà mọ́ínmọ́ín jáde. Kúlà! Ó ṣí i. Ó mú ọ̀kan, ó tú ewé àkọ́kọ́, ó tú ewé kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìyá àgbà tí ò fẹ́ kó ya, ó yí i wò, ó fìka yọ ẹyin inú ẹ̀, ó jẹ ẹyin, ó ju ìyókù sẹ́yìn fáwọn tó kù tí wọ́n ti jókòó dè é. Ó mú òmíràn. Ọkọ mi ń pariwo, ó kàn wò ó lójú, ẹnu ẹ̀ ò dúró. Réńjà tó wá bá wa lé e ń fi ẹ̀rín pamọ́, ó ní "sai hakuri", ìyẹn ni pé ká ṣe sùúrù, ṣé wọn ò sọ fún wa ní géètì pé ká máa ti ilẹ̀kùn ni? Wọ́n sọ ọ́. Búrẹ́dì àti sàdíìnì la jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì a gun ọkọ̀ ńlá tí wọ́n to àga sẹ́yìn ẹ̀, kò lórùlé. A rí awó, a rí ìmàdò tó na ìrù sókè bí ẹ́ríà rédíò, a rí oríṣi ẹran oníwo tó tóbi ju ẹtu lọ dáadáa tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ ní Yorùbá, Mọ́mì yín máa mọ̀ ọ́n. Erin ò sí níbẹ̀. Ọmọ mi kékeré bú sẹ́kún, ó ní mo purọ́, kìnnìún dà.

Lọ́sàn-án a tún jáde. Nítòsí odò Gaji, réńjà gbá orí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, dẹ́rẹ́bà dúró. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹ̀yìn ọwọ́ kan ìgbẹ́ erin tó wà lójú ọ̀nà, ó ní ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Dẹ́rẹ́bà pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo wa dákẹ́ rọ́rọ́. Igi tó ń ya la kọ́kọ́ gbọ́, kẹ̀ẹ̀, kẹ̀ẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ohùn kan tó ń kùn nísàlẹ̀, bí jẹnẹrétọ̀ ilé kẹta, réńjà ní ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń bára wọn sọ. Ó wá sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé "Giwa", erin nìyẹn lédè Háúsá. Mo wò. Ẹ̀yìn kan báyìí, àwọ̀ eérú, etí kan, ọmọ kan lábẹ́ ìyá ẹ̀, bí dẹ́rẹ́bà ṣe rí ọmọ yẹn báyìí ló ti fi rìfáàsì, torí abiyamọ erin kì í bá èèyàn ṣeré, ìgbà tó máa fi dúró wọ́n ti wọgbó lọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, bá a bá rí erin ká sọ pé a rí erin. Àwọn àgbà ò wọkọ̀ dẹ́rẹ́bà yẹn ni. Èmi rí erin fìrí! Nínú gbogbo fọ́tò tí mo yà, etí yẹn nìkan ló hàn, ó dà bí ewé kókò tó gbẹ. Ọmọ mi tó ń sunkún láàárọ̀ ò béèrè kìnnìún mọ́, ọdún kejì rèé tó ti ń sín ohùn jẹnẹrétọ̀ yẹn jẹ fún gbogbo àlejò tó bá wọlé wa.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ní kí ló máa gbé mi padà lọ, omi ni. Abẹ́ àpáta ni ìsun Wikki ti ń tú jáde, ìgbóná ẹ̀ jẹ́ dígírì 31, lọ́sàn-án, lóru, nínú ọ̀yẹ́, nínú òjò, kì í yí padà. Yanrìn ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀, ó mọ́ débi pé ẹ máa rí ìka ẹsẹ̀ yín kà. Láàárọ̀ kùtù tí ọ̀yẹ́ ń fa ètè ya, a sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, èéfín ń rú lójú omi bí ìgbà téèyàn ṣí ìkòkò ògì. Ọkọ mi yìí, ẹni tí kì í wẹ̀ tá ò bá bá a gbé omi kaná, wákàtí méjì ló fi jókòó sínú ẹ̀, orí nìkan ló yọ síta, kò gbé ìpè kankan. (Nẹ́tíwọ̀kì ò ṣe dáadáa níbẹ̀ náà ṣá.)

Torí náà, ẹ mú Mọ́mì dání jàre. Àtẹ̀gùn wà nídìí omi yẹn, ẹ fara balẹ̀ fún orúnkún wọn. Nínú ọkọ̀, ẹ bẹ dẹ́rẹ́bà kí wọ́n jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀yìn máa ń gbọn èèyàn. Àsìkò Àjíǹde dáa, kò burú, torí láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹrin ni koríko máa ń gbẹ táwọn ẹran á máa sún mọ́ odò, àmọ́ ooru máa mú, àwọn èèyàn náà sì máa pọ̀, ẹ tètè gba yàrá, ẹ lo ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ wọ aṣọ alápá gígùn, kó má jẹ́ búlúù tàbí dúdú, àwọ̀ méjèèjì yẹn leṣinṣin tsetse fẹ́ràn, oró ẹ̀ sì ń ta. Tẹ́ ẹ bá wá pàdé erin, ẹ jẹ́ kí Mọ́mì kì í o, ọmọ ọdẹ tí ò lè ki àjànàkú tí ń mi igbó kìjikìji, a máa mọ̀ pé wọ́n ń fi baba wọn fọ́nnu lásán ni.

ÌBÉÈRÈ: Àǹtí, mo sanwó fún ẹnì kan lórí WhatsApp pé kó gba yàrá fún wa ní Yankari. Ó fi rìsíìtì ránṣẹ́, wọ́n kọ "National Park Service, Abuja" sí i. Nígbà tá a débẹ̀, orúkọ wa ò sí nínú ìwé wọn. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ayédèrú? (Ìyá Dámi, Lugbe)

ÈSÌ: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Rìsíìtì yẹn ti tú ara ẹ̀ fó látìbẹ̀rẹ̀. Ní 1957 ni wọ́n ya Yankari sọ́tọ̀, 1962 ni wọ́n ṣí i fáwọn èrò, lóòótọ́ ìjọba àpapọ̀ gbà á sọ́wọ́ ní 1991 tó di National Park, ṣùgbọ́n láti 2006 ni wọ́n ti dá a padà fún ìjọba ìpínlẹ̀ Bauchi. Ọ́fíìsì Abuja kọ́ ló ń ta yàrá ibẹ̀. Ẹ bá àwọn tó ń bójú tó igbó náà fúnra wọn sọ̀rọ̀, ẹ má sanwó sí àkáǹtì tó bá jẹ́ orúkọ ẹnì kan ló wà lórí ẹ̀, bó ti wù kó máa pè yín ní "mọ́mì mi" tó.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, tíṣà ni mí ní New Bussa láyé ọjọ́un, kí n tó fẹ̀yìn tì. A máa ń kó àwọn ọmọ iléèwé lọ sétí odò Oli nínú igbó Kainji lọ wo erinmi. Lọ́jọ́ kan ọ̀kan yán, ọmọ kan nínú kíláàsì mi ní, "Sà, ẹnu ẹ̀ á gba bẹ́ǹṣì wa!" Ọmọ yẹn ti di bàbá báyìí, ó ṣì ń pè mí ní Tíṣà Erinmi. Mo fẹ́ kó àwọn ọmọ-ọmọ mi lọ síbẹ̀ kí n tó dàgbà jù. Ṣé ó ṣeé lọ? (Bàbá Tíṣà, Suleja)

ÈSÌ: Bàbá, ẹ kú àsìkò o. Ó dùn mí láti sọ ọ́, àmọ́ ẹ dákun ẹ má tíì lọ. Àwọn agbébọn ti sọ apá kan igbó yẹn di ilé, kì í ṣe ibi téèyàn ń kó ọmọdé lọ lásìkò yìí. Igbó tó jẹ́ pé òun gan-an ni National Park àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ní 1979! Ó dun èèyàn.

Ẹ kó wọn lọ sí Jos Wildlife Park tọ́nà bá dáa, tàbí ọgbà ẹranko àwọn ọmọdé ní Asokoro, ìyẹn ò jìnnà sí yín. Àmọ́ ẹ fi ìtàn Bussa kún un fún wọn, torí inú wa tá a dàgbà ṣì máa ń dùn sí i: pé ibẹ̀ ni Mungo Park kú sí nínú odò Ọya ní 1806, pé nígbà tí wọ́n kọ́ dáàmù Kainji parí ní 1968 omi bo ìlú Bussa àtijọ́, òun ló fi di pé tuntun lẹ ti lọ ṣe tíṣà. Ẹ fẹnu ṣe bí erinmi náà ṣe yán. Ìyẹn á tó wọn títí ọ̀nà á fi là.

ÌBÉÈRÈ: Kọ́pà ni mí ní Jalingo, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ká lọ sí Gashaka-Gumti. Ṣé ó dáa ju Yankari lọ? (Ọmọ Ọ̀fà)

ÈSÌ: Ó tóbi jù ú lọ fíìfíì, òun ló tóbi jù nínú gbogbo wọn ní Nàìjíríà, ó wọ Taraba, ó wọ Adamawa. Àmọ́ ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Ẹ máa rìn, ẹ máa gòkè, ẹ máa kọjá odò. Chimpanzee wà níbẹ̀ tẹ́ ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó rí i, tẹ́ ẹ bá rí i rárá. Chappal Waddi tó ga jù ní gbogbo ilẹ̀ wa, mítà 2,419, agbègbè yẹn náà ló wà. Serti ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé, ọ́fíìsì wọn wà níbẹ̀, ẹ gba réńjà níbẹ̀, ẹ má dá wọgbó. Kẹ́ ẹ sì gbàyè lọ́wọ́ àwọn NYSC yín, ẹ má fi họ́lídé ba ìwé ẹ̀rí jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ jọ̀ọ́ Àǹtí, ọmọ Ìlọrin ni mí, Kaduna ni mò ń gbé. Ṣé obìnrin tó ń lo híjáàbù lè wọ omi Wikki yẹn? Ojú ń tì mí láti béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi. (Ìyá Rọfíà)

ÈSÌ: Kí ló kan ojú títì níbẹ̀? Àwọn ìyá Háúsá tá a bá nínú omi lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú aṣọ àti ìborí wọn ni. Ohun kan ṣáá, ẹ má wọ ìró wọ̀ ọ́ bí èmi ṣe ṣe, afẹ́fẹ́ wọnú ìró mi, ó wú sókè bí bàlúù, ọmọ mi ń pariwo pé erinmi dé. Ẹ wọ ṣòkòtò sábẹ́, aṣọ tí ò wúwo tí ò sì mọ́ni lára, kẹ́ ẹ mú òmíràn tẹ́ ẹ máa pààrọ̀. Èyí tẹ́ ẹ máa pààrọ̀ yẹn, ẹ má kó o sórí òkúta o. Ẹ ti gbọ́ bí wọ́n ṣe fi mọ́ínmọ́ín wa ṣe.