Kò sí pámíìtì tẹ́ḿpìlì kankan ní Chennai, ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o sà. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ orúnkún fún màmá mi ní Chennai ní Íńdíà níbí, dọ́kítà ní ká ṣì ní sùúrù díẹ̀ ká tó wọ bàálù padà sílé. Ara wọn ti ń yá, wọ́n ní ó ti sú àwọn láti máa wo ògiri gẹ́sìtì háòsì. A fẹ́ gbé wọn lọ sí abúlé àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní DakshinaChitra àti àwọn tẹ́ḿpìlì tó wà lọ́nà ibẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan tó máa ń bá àwọn ará Nàìjíríà ṣètò mọ́tò wá ní aláwọ̀ dúdú tí kì í ṣe Híńdù ò lè wọ tẹ́ḿpìlì láìgba pámíìtì, 120 dọ́là lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àti pé a gbọ́dọ̀ fún olórí abúlé náà ní nǹkan kó tó gbà wá wọlé. Ẹlẹ́sìn Kristi ni wá o, màmá sì ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Irọ́ ni. Ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Ó wù mí kí n fi mọ síbẹ̀, torí lemọ́lemọ́ ni ìbéèrè yìí ń wọlé, ó tún wá jẹ́ pé àwọn mìíràn á ti sanwó tán kí wọ́n tó wá bi mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹni tó pa irọ́ yìí fún yín gbọ́n, ó fi òótọ́ díẹ̀díẹ̀ lú u ni.

Àkọ́kọ́ ná, DakshinaChitra kì í ṣe abúlé. Kò sí olórí abúlé níbẹ̀ tó máa gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín. Mùsíọ́ọ̀mù ni, ní Muttukadu lójú ọ̀nà East Coast Road, nǹkan bíi kìlómítà 25 sí Chennai, Madras Craft Foundation ló ni ín, ọdún 1996 ni wọ́n sì ṣí i fún aráàlú. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n lọ ra àwọn ilé àtijọ́ tí àwọn tó ni wọ́n ti fẹ́ wó dànù, ní àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù Íńdíà, ìyẹn Tamil Nadu tí Chennai wà, Kerala, Karnataka àti Andhra Pradesh, wọ́n tú wọn ní òpó-òpó, pákó-pákó, wọ́n sì wá tò wọ́n padà síbẹ̀. Ilé oníṣòwò ńlá láti Chettinad wà níbẹ̀, ilé amọ̀kòkò wà, ilé ahunṣọ sílíkì wà, ilé àwọn Kristẹni àtijọ́ láti Kerala náà wà, ìyẹn ló máa ya màmá lẹ́nu jù torí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ẹ̀sìn Kristi ti pẹ́ gan-an lápá ibẹ̀. Ẹ máa ra tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, ó tán. Àlejò ń san ju onílé lọ, ṣùgbọ́n kò tiẹ̀ sún mọ́ 120 dọ́là rárá.

Ó yá, pámíìtì. Nǹkan mẹ́ta tó wà lóòótọ́ ni àwọn ájẹ́ńtì yìí ń pò pọ̀ tí wọ́n ń sọ ní pámíìtì, ẹ gbọ́ wọn dáadáa kó má báa sí ẹni tó máa tún fi wọ́n dẹ́rù bà yín.

Ọ̀kan ni tíkẹ́ẹ̀tì ìjọba. Tí ẹ bá kọjá DakshinaChitra tí ẹ ń lọ tààrà lójú ọ̀nà yẹn kan náà, ẹ máa dé Mahabalipuram, tí wọ́n tún ń pè ní Mamallapuram. Àwọn ọba Pallava ló kọ́ àwọn nǹkan tó wà níbẹ̀. Tẹ́ḿpìlì kan wà létí òkun gan-an tí wọ́n kọ́ ní ọ̀rúndún kẹjọ, àwọn márùn-ún kan sì tún wà tí wọ́n ń pè ní Pancha Rathas, àpáta gidi ni wọ́n gbẹ́ tó fi di ilé, wọn ò to òkúta kankan jọ, àfi kí ẹ fojú yín rí i. UNESCO ti fi ibẹ̀ sínú ogún àgbáyé láti 1984, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń tọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ASI, ló ń bójú tó o. Kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn lójoojúmọ́ mọ́, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bi yín lẹ́sìn. Àlejò ń san 600 rúpì, ọmọ Íńdíà ń san 40, ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ò san nǹkan kan. Mo mọ̀ pé 600 àti 40 yẹn á dun ẹlòmíràn, ẹ gbé e mì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ló gbé yín wọ tẹ́ḿpìlì etí òkun àti àwọn márùn-ún yẹn lọ́jọ́ kan náà. (Iye yìí lè yí padà o, ẹ wo pátákó tó wà níbẹ̀, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi bá wọn jà.)

Èkejì ni tíkẹ́ẹ̀tì ìlà. Nínú àwọn tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ti ń jọ́sìn lọ́wọ́, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èrò ló máa ń tò láti lọ wo òrìṣà inú ibẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní darshan, torí náà wọ́n ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ gba ìlà kúkúrú. Iye rẹ̀ wà lára ògiri, káńtà ni wọ́n ti ń tà á. Olùjọ́sìn ló wà fún. Kì í sọ ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wọlé di ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́.

Ẹ̀kẹta ló le jù, òun sì ni òótọ́ tó wà nínú irọ́ yẹn. Àwọn tẹ́ḿpìlì tó ní ààlà wà lóòótọ́. Tí ẹ bá gba abẹ́ gopuram wọlé, ilé gogoro ẹnu ọ̀nà tí wọ́n fi ère kún láti ìsàlẹ̀ dókè, ẹ máa rí òpó àsíá gíga kan tí wọ́n ń pè ní kodimaram. Ní ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì Tamil Nadu, ìsàlẹ̀ òpó yẹn ni ẹni tí kì í ṣe Híńdù máa ń mọ. Ní January 2024, ilé ẹjọ́ gíga Madras (orúkọ àtijọ́ Chennai nìyẹn) tó ń jókòó ní Madurai gbọ́ ẹjọ́ kan lórí tẹ́ḿpìlì Palani, adájọ́ ní kí wọ́n gbé pátákó síbẹ̀ pé ẹni tí kì í ṣe Híńdù ò gbọdọ̀ kọjá òpó àsíá, ó ní tẹ́ḿpìlì kì í ṣe ibi ìgbafẹ́. Adájọ́ yẹn kan náà ní tí ẹlẹ́sìn mìíràn bá sọ pé òun nígbàgbọ́ nínú òrìṣà ibẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun gbà á gbọ́ àti pé òun máa tẹ̀ lé àṣà wọn, kí wọ́n wá jẹ́ kó wọlé. Irú ẹ̀ wà ní Tirumala náà, ní Andhra Pradesh, ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń ní kí ẹlẹ́sìn mìíràn fọwọ́ sí ìwé pé òun gba Venkateswara, òrìṣà ibẹ̀, gbọ́.

Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Ìwé kan ṣoṣo tó jọ pámíìtì nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìwé ìgbàgbọ́ ni, wọn kì í tà á, ẹlòmíràn ò sì lè bá yín fọwọ́ sí i ní páálọ̀ gẹ́sìtì háòsì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ fún mi pé Kristẹni ni yín, ẹ fẹ́ lọ fọwọ́ sí ohun tẹ́ ẹ ò gbà gbọ́ torí kí ẹ lè rí inú yàrá òkùnkùn kan tí òrìṣà wà? Ẹ dúró nídìí òpó. Nǹkan tó wà ṣáájú òpó yẹn pọ̀ ju ohun tí ojú yín máa gbé tán lọ.

Ti àwọ̀ dúdú tó fi kún un yẹn ló bí mi nínú jù. Àwọ̀ ò sí nínú òfin yìí. Kristẹni tàbí Mùsùlùmí tó jẹ́ ọmọ Tamil, tí wọ́n bí bàbá bàbá rẹ̀ sí àdúgbò tẹ́ḿpìlì náà, níbi tí ẹ máa dúró sí yẹn lòun náà máa dúró. Ẹ sì tún gbọ́ èyí, kò tíì tó ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn Híńdù fúnra wọn, àwọn tí wọ́n kà sí ẹni tí kò yẹ ní fífara kàn, ò lè dé inú tẹ́ḿpìlì ńlá Meenakshi ní Madurai. Ní 8 July 1939 ni agbẹjọ́rò kan, A. Vaidyanatha Iyer, kó díẹ̀ lára wọn wọlé, ariwo sì sọ. Ní Travancore tó wà ní Kerala òde òní, ọdún 1936 ni ọba pàṣẹ pé kí gbogbo Híńdù máa wọ tẹ́ḿpìlì. Nítorí náà, ìjà ta-ló-lè-wọlé ti wà nílẹ̀ kí àwọn ará Nàìjíríà tó máa wá ṣe orúnkún ní Chennai. Mi ò sọ pé ẹnì kan ò ní tẹjú mọ́ yín o, wọ́n á wò yín, wọ́n á ní kí ẹ jẹ́ káwọn bá yín ya fọ́tò, ẹlòmíràn tiẹ̀ lè hùwà àìmọ̀kan. Ìyẹn ò jọ òfin.

Tẹ́ḿpìlì kan ò sì jọ kan. Ní Thanjavur, níbi tí ọba Rajaraja kọ́ tẹ́ḿpìlì Brihadisvara tán sí ní 1010, ara wọn balẹ̀ sí àlejò, owó ẹnu ọ̀nà ò tiẹ̀ sí. Ní Guruvayur tàbí Padmanabhaswamy ní Kerala, Híńdù nìkan ló ń wọlé, ẹ ò ní dé gbàgede pàápàá. Ẹni tó bá wá bá yín lẹ́nu ọ̀nà irú ibẹ̀ pé òun lè mú yín gba ẹ̀yìn, tó ti ń fi àtíkè pupa sí yín níwájú orí kí ẹ tó dáhùn, owó ló ń wá, ẹ pa àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì pọ̀ kí ẹ kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí ẹ máa lọ. Bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kí Kristẹni wọ gbàgede tẹ́ḿpìlì, pásítọ̀ yín ni kí ẹ bi, iṣẹ́ tèmi kọ́.

Màmá wá ńkọ́? Ibi tó yẹ kí ẹ ti bi mí ní ìbéèrè gan-an nìyẹn. Ẹ máa bọ́ bàtà ní tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ti ń jọ́sìn, òkúta ni ilẹ̀ ibẹ̀, tí oòrùn bá ti pa á dọ̀sán, ó ń jóni. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹsẹ̀ wọn kì í mọ iná mọ́, ó lè bó kí wọ́n má mọ̀, egbò ẹsẹ̀ sì ni ohun tí dọ́kítà yín ò fẹ́ rí báyìí. Ìbọ̀sẹ̀ nípọn-nípọn ni kí wọ́n wọ̀, ọ̀pọ̀ tẹ́ḿpìlì kì í bínú sí i, ẹ bi wọ́n. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi dọ́kítà bóyá orúnkún yẹn ti lè jókòó sínú mọ́tò fún wákàtí kan tàbí méjì, èmi ò yẹ̀ ẹ́ wò, mi ò lè sọ.

Tí dọ́kítà bá gbà, ẹ jí lọ sí DakshinaChitra láàárọ̀, kí ẹ wá wò ó bóyá agbára màmá á gbé Mahabalipuram. Níbẹ̀, ẹ ò ní bọ́ bàtà káàkiri gbàgede, ṣùgbọ́n etí òkun àti àwọn Rathas jìnnà síra, ẹ wọ kẹ̀kẹ́ Máruwá. Tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ń lò lọ́wọ́, ẹ mú Kapaleeshwarar ní Mylapore láàárín Chennai, lọ́jọ́ mìíràn, nírọ̀lẹ́ tí òkúta ti tutù, torí wọ́n máa ń tì í lọ́sàn-án títí di nǹkan bí aago mẹ́rin. Ìró àti bùbá màmá ti tó, kò sẹ́ni tó máa bá wọn wí. Fóònù lè jẹ́ wàhálà, ilé ẹjọ́ ti ní kí wọ́n má jẹ́ kí èèyàn lò ó nínú tẹ́ḿpìlì Tamil Nadu láti 2022, ibì kan ń gbà á lẹ́nu ọ̀nà, ibì kan ò bìkítà. Ṣọ́ọ̀ṣì San Thome ò sì jìnnà sí Mylapore yẹn, níbi tí wọ́n ní wọ́n sin Tọ́másì àpọ́sítélì sí.

Abúlé gidi tí èèyàn ń gbé, tí ẹ bá ń wá ìyẹn, apá Chettinad ni, Kanadukathan àti Karaikudi, ilé ràgàjì-ràgàjì tí àwọn oníṣòwò fi owó Bọ́mà àti Malaya kọ́. Nǹkan bí kìlómítà 400 ni. Ẹ gbàgbé ẹ̀ títí orúnkún yẹn á fi san.

Ọ̀gbẹ́ni yẹn, tí ẹ bá ti fún un ní àsansílẹ̀, ẹ ní kó fi pámíìtì ọ̀hún hàn yín kí ẹ tó jáde nílé, kí ẹ rí iléeṣẹ́ tó fún un. Tí kò bá rí i, kó dá owó padà, kó wakọ̀, kó gba owó mọ́tò. Àti pé ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni DakshinaChitra máa ń tì, tó bá jẹ́ ọjọ́ yẹn ló dá fún yín, ẹ ní kó yí i padà.