Bí a ṣe ń ṣí àpótí ìṣirò kúrò lórí ṣóńṣó nínú ROOT

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì ni mí níbí ní Abẹ́òkúta. Ìtànṣán gámà tó ń ti ara òkúta agbègbè wa jáde ni mo ń wọ̀n fún iṣẹ́ àṣekágbá mi, ROOT, ètò kọ̀ǹpútà fún ìtúpalẹ̀ dátà, ni mo sì fi ń ya histogram rẹ̀ (àwòrán tó ń fi iye ìtànṣán tí mo kà ní agbára kọ̀ọ̀kan hàn), láti 1300 dé 1900 keV, pẹ̀lú SetLogy, àṣẹ tó ń sọ ìlà òòró di ti lọ́gárídímù. Bí mo bá ti ṣe fit sí ṣóńṣó pọ́tásíọ̀mù tán (ìyẹn ni pé mo fi ìlà ìṣirò bá dátà rẹ̀ mu), àpótí tó gbé χ² (òṣùwọ̀n bí ìlà náà ṣe bá dátà mu tó) àti àwọn párámítà dání á lọ jókòó sí igun òkè lápá ọ̀tún, á sì bo ṣóńṣó bísímọ́ọ̀tì mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú kóòdù pé kí ó bọ́ sí apá òsì, ṣùgbọ́n "segmentation violation" (àṣìṣe ìrántí kọ̀ǹpútà) ni ROOT ń kọ sí mi, iṣẹ́ á sì dúró. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú akitiyan. Nígbà tí kóòdù yín ń wá àpótí yẹn, àpótí náà kò tíì sí. Ibẹ̀ ni wàhálà yín ti bẹ̀rẹ̀. ROOT, tí René Brun àti Fons Rademakers bẹ̀rẹ̀ ní CERN, ibùdó ìwádìí físíìsì ilẹ̀ Yúróòpù, ní nǹkan bí ọdún 1995, kì í ya àwòrán ní kété tí a bá kọ Draw. Ó máa ń kọ ohun tó fẹ́ yà sílẹ̀ ná, ìgbà tí canvas (ojú ìyàwòrán) bá sì tún ara rẹ̀ yà ni ó tó ń dá àpótí ìṣirò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "stats", tí á sì so ó mọ́ histogram. Bí ẹ bá ń tẹ àṣẹ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, canvas á máa tún ara rẹ̀ yà láàárín àṣẹ kan sí èkejì, ẹ kò sì ní rí àléébù kankan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ sínú macro kan (fáìlì àṣẹ tí ROOT ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà), òfo ni FindObject, àṣẹ tó ń wá àpótí, máa mú bọ̀, ẹni tó bá sì pàṣẹ fún òfo pé kó sún, ètò á kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
gStyle->SetOptStat(10);
gStyle->SetOptFit(1111);
h->SetMaximum(10 * h->GetMaximum());
h->Draw();
h->Fit("gaus", "", "", 1440, 1480);
gPad->Update();
auto st = (TPaveStats*) h->GetListOfFunctions()->FindObject("stats");
st->SetX1NDC(0.40);
st->SetX2NDC(0.66);
st->SetY1NDC(0.68);
st->SetY2NDC(0.88);
gPad->Modified();
gPad->Update();
```

Update àkọ́kọ́ ni ó ń bí àpótí náà; ti ìkẹyìn ló ń fi í hàn ní ibùjókòó tuntun. Ẹ má gbàgbé NDC tó wà nídìí àwọn àṣẹ mẹ́rin yẹn. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé gbogbo ojú àwòrán jẹ́ 0 sí 1, láti igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Bí ẹ bá kọ SetX1 lásán, nọ́ńbà tí ẹ kọ á di iye orí ìlà keV, àpótí á sì tún padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ nígbà tí ROOT bá tún un yà.

Mi ò gbà pé apá òsì ló yẹ kí ẹ gbé e lọ. Ṣóńṣó pọ́tásíọ̀mù-40 wà ní 1460.8 keV, ti bísímọ́ọ̀tì-214 sì wà ní 1764.5 keV. Lórí àwòrán tó lọ láti 1300 dé 1900, èyí àkọ́kọ́ á bọ́ sí nǹkan bí 0.31, èkejì á bọ́ sí 0.72. Bí àpótí bá lọ sí òsì, pọ́tásíọ̀mù gan-an tí ẹ ń ṣe fit sí ni yóò bò, bẹ́ẹ̀ òkúta gíránáìtì bíi ti Abẹ́òkúta, tí fẹ́lísípá pọ̀ nínú rẹ̀, kì í jẹ́ kí ṣóńṣó yẹn kéré. Àárín méjèèjì ni àyè wà. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ 0.40 sí 0.66, tí mo sì fi SetMaximum gbé òkè àwòrán ga sókè, kí àpótí lè rí àyè jókòó lókè dátà. Bí HPGe (ẹ̀rọ ìwọ̀n ìtànṣán tí a fi jámáníọ̀mù ṣe) ni ẹ fi wọ̀n ọ́n, ṣóńṣó yín á tẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ńbà wọ̀nyí á sì tó. Bí NaI (èyí tí a fi sódíọ̀mù áyódáìdì ṣe) ni, ṣóńṣó á fẹ̀, ẹ ó nílò láti mú ààlà fit fẹ̀ sí i, kí ẹ sì gbé SetMaximum sókè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má tìtorí pé àpótí ń dí yín lọ́wọ́ kí ẹ fi SetStats(0) pa á rẹ́. Inú rẹ̀ ni olùdánwò yín á ti rí i bóyá Mean (àárín ṣóńṣó) sún mọ́ 1460.8, èyí tó ń sọ bóyá ẹ ṣe calibration yín, ìyẹn títún ìlà keV ẹ̀rọ ṣe, dáadáa, àti bóyá χ² pín fún ndf (iye ibi dátà, láìka iye párámítà) kò jìnnà sí 1. Ohun tó yẹ kí ẹ yọ ni èyí tó ń da ojú rú. Bí ẹ bá lo SetOptFit láìfọwọ́ kan SetOptStat, Mean ti histogram lódindi àti Mean ti fit á jọ wà nínú àpótí kan náà, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, iye wọn sì yàtọ̀. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ èyí tí kì í ṣe òun sínú tábìlì. SetOptStat(10) ń fi iye Entries nìkan sílẹ̀. Ní ti SetOptFit, láti òsì sí ọ̀tún, nọ́ńbà mẹ́rin rẹ̀ dúró fún probability, χ²/ndf, àṣìṣe orí párámítà, àti orúkọ pẹ̀lú iye párámítà.

Bí ẹ bá ya òkúta méjì lórí ara wọn, "sames" ni kí ẹ lò, kì í ṣe "same", kí èkejì lè ní àpótí tirẹ̀. Àpótí méjèèjì á gbé orí ara wọn, nítorí náà ẹ ní láti ṣí ọ̀kan nípò lẹ́yìn Update. Bí àwòrán bá sì pọ̀, SetStatX àti SetStatY ti gStyle ń fi igun òkè apá ọ̀tún àpótí sí ibi tí ẹ bá fẹ́, kí ẹ tó kọ Draw.

Ẹni tí kò bá fẹ́ ṣírò nọ́ńbà lè fi máòsì fa àpótí náà títí ojú rẹ̀ á fi gbà á, kó wá fi canvas pamọ́ bíi fáìlì .C. Nínú fáìlì yẹn, yóò rí ìlà kan tó ní TPaveStats, tí nọ́ńbà mẹ́rin tẹ̀lé, bíi 0.78, 0.775, 0.98, 0.935. Ẹ dà wọ́n kọ sínú macro yín, ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ X1, Y1, X2, Y2, kí ẹ tó kọ SaveAs fún PDF.