Kí ló dé tí swíìtì-kọ́ọ̀nù ẹ̀yìnkùlé mi fi káyín, tí kò sì dùn?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mò ń gbé. Lóṣù kẹrin, mo gbin ogún ìdí swíìtì-kọ́ọ̀nù (àgbàdo aládùn) sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà ilé mi, ní ìlà kan ṣoṣo. Ó ga dáadáa, ewé rẹ̀ dú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo bó o, akáyín ló pọ̀ jù: hóró níhìn-ín, àlàfo lọ́hùn-ún. Èyí tó ní hóró kò tiẹ̀ dùn ju àgbàdo ọjà lọ. Ṣé ajílẹ̀ ni kò tó?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Àgbàdo tó ga, tí ewé rẹ̀ dú, ti rí oúnjẹ jẹ. Ìlà kan ṣoṣo yẹn ló mú un káyín, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ àgbàdo aládùúgbò ló ba adùn rẹ̀ jẹ́.

Ẹ wo irun tó ń yọ lẹ́nu ọmọ àgbàdo. Fọ́nrán irun kan, hóró kan ni. Lẹ́búlẹ́bú tó ń bọ́ láti ara òdòdó orí igi àgbàdo gbọ́dọ̀ bà lé fọ́nrán kọ̀ọ̀kan kí hóró tirẹ̀ tó lè gbó. Èyí tí kò bá rí i gbà, àlàfo ló máa fi sílẹ̀ lára ṣùkù. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé lẹ́búlẹ́bú yìí kiri, bó bá sì jẹ́ ìlà kan ni ẹ gbìn, afẹ́fẹ́ á gbé èyí tó pọ̀ gba orí ọgbà kọjá sí ojú títì.

Ogún ìdí yẹn náà, ẹ pín in sí ìlà mẹ́rin, ìdí márùn-ún ní ìlà kan. Sẹ̀ǹtímítà 75 láti ìlà sí ìlà, 25 láti ìdí sí ìdí, níbi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Bí àyè kò bá gbà ju ìlà kan lọ, ẹ fi ọwọ́ ṣe iṣẹ́ afẹ́fẹ́. Láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́wàá àárọ̀, tí ìrì bá ti gbẹ, ẹ gbọn òdòdó náà sínú àpò bébà, kẹ́ ẹ wọ́n ọn sórí irun tútù, fún àárọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin léraléra. Ẹ má sì jẹ́ kó ṣàìrí omi mu lásìkò yìí, torí ọ̀dá lè mú kí irun pẹ́ yọ títí lẹ́búlẹ́bú á fi tán.

Ní ti adùn, àbùdá kan ni kì í jẹ́ kí ṣúgà inú hóró swíìtì-kọ́ọ̀nù yára di sítáàṣì. Bí lẹ́búlẹ́bú àgbàdo lásán bá bà lé irun rẹ̀, hóró tó máa so á le bíi ti àgbàdo lásán. Ọdún yẹn gan-an ni yóò hàn, kò dúró di ìgbà tí ẹ bá tún un gbìn. Ṣàṣà sì ni àdúgbò tí wọn kì í ti í gbin àgbàdo bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ yọjú wo ẹ̀yìn ọgbà kẹ́ ẹ tó gbìn, kẹ́ ẹ jẹ́ kí tiyín fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kẹ́yìn tiwọn, kí ìtànná wọn má bàa pàdé. Oríṣi swíìtì-kọ́ọ̀nù méjì tí àbùdá wọn yàtọ̀ náà lè ba ara wọn jẹ́ báyìí, ẹ mú ẹyọ kan.

Hóró tí ẹ máa gbìn máa ń rún bí ẹni pé ó ti bàjẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn. Oúnjẹ inú rẹ̀ kò pọ̀, ó sì tètè ń jẹrà nínú ilẹ̀ tó kún fún omi. Méjì-méjì sí ihò tí kò jìn ju sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, kẹ́ ẹ fa ọ̀kan tu tó bá yá. Ẹ ra tuntun. Èyí tí ẹ bá gbà lára àgbàdo háíbríìdì, èyí tí wọ́n fi oríṣi méjì bí, kì í so bí ìyá rẹ̀.

Ajílẹ̀ kò le: ìdérí ìgò NPK 15-15-15 kan sí ìdí kan lọ́jọ́ kẹwàá, ààbọ̀ ìdérí yúríà ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kó fi sẹ̀ǹtímítà 10 jìnnà sí igi, kẹ́ ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ máa yẹ ọ̀mùnú rẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ohun tó jọ ìyẹ̀fun pákó, kòkòrò ajewé tí wọ́n ń pè ní ámìwọ̀ọ̀mù ti wọ̀ ọ́. Ẹ fi ọwọ́ yọ ọ́ kó tó jẹ ọ̀mùnú tán.

Ní nǹkan bí ogúnjọ́ lẹ́yìn tí irun bá yọ, tó gbẹ tó sì ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ fi èékánná tẹ hóró kan. Omi mímọ́ ń wí pé kò tíì tó, èyí tó funfun bíi wàrà ló tó. Bó bá ti ki, ó ti kọjá. Bí ẹ bá ti ya á, ṣúgà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í di sítáàṣì nìyẹn, ooru á sì mú un yára sí i. Ẹ gbé omi kaná kẹ́ ẹ tó lọ ya á.