Kí ni ìtumọ̀ lẹ́tà mẹ́ta ara Lancaster, ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, kí ló sì dé tí sítíkà tí mo lẹ̀ mọ́ àwòṣe kékeré rẹ̀ tí mo tò ń funfun lábẹ́?

Lẹ́tà méjì tó wà papọ̀ jẹ́ àmì ikọ̀ ọmọ ogun òfurufú tó ń lò ó. Ẹyọ kan tó kù ni ti ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Ẹ wo Lancaster tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ R5868, tó wà ní mùsíọ́mù RAF (ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì) ní London: OL-Q ni lọ́wọ́ ikọ̀ 83, ó di PO-S nígbà tó bọ́ sọ́wọ́ ikọ̀ 467 ti Ọsirélíà. Nọ́ńbà rẹ̀ kò yí padà. Bọ́ǹbù kéékèèké tí wọ́n yà sí imú rẹ̀ ń ka iye ìgbà tó jáde lọ jà, iye náà sì ń pọ̀ sí i ni, nítorí náà ẹ má lẹ gbogbo bọ́ǹbù náà mọ́ èyí tí ẹ bá kọ OL-Q sí lára o!

Ní ti funfun yẹn, afẹ́fẹ́ ló há sábẹ́ sítíkà, torí ọ̀dà tí kò dán kì í tẹ́jú. Ẹ kọ́kọ́ fi fáníìṣì tó ń dán kùn ún, kó gbẹ, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́.