Gọ́ọ̀mù kọ́ ló jẹ́ kí tábìlì yín là

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní tábìlì oúnjẹ tí ẹ fọwọ́ ara yín kàn ti là láti etí dé àárín, oṣù mélòó kan péré lẹ́yìn tí ẹ parí rẹ̀, ẹ wá ń béèrè gọ́ọ̀mù tó le ju èyí tí ẹ lò lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra gọ́ọ̀mù kankan. Irú tábìlì bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ti gbé wá kí n bá wọn tún ṣe kò lóǹkà mọ́, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ ṣe ni pé kí n dojú rẹ̀ délẹ̀ kí n wo abẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà ni mo sábà máa ń bá níbẹ̀: wọ́n ti fi súkúrù de orí tábìlì mọ́ férémù pinpin yíká-yíká, wọ́n tún ta gọ́ọ̀mù sí i. Tí mo bá ń tú súkúrù wọ̀nyẹn, màá rí i pé òmíràn ti tẹ̀ nínú ihò rẹ̀. Igi ló tẹ̀ ẹ́.

Igi kì í yé mu omi nítorí pé a ti gé e. Bí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, á fà á mu, á wú. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, omi á jáde, á súnkì. Ní ìbú ló ti ń ṣe èyí o. Ní gígùn, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Orí tábìlì tó fẹ̀ tó 90 sẹ̀ńtímítà lè fi bíi sẹ̀ńtímítà kan fẹ̀ sí i tàbí kí ó dín láàárín ìgbà òjò àti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Pákó férémù tó dábùú abẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Gígùn tirẹ̀ ló bá ìbú orí tábìlì lọ, kò sì ní kúrò lójú kan. Ọ̀kan fẹ́ súnkì, èkejì dì í mú gbagidi, ibi tí kò bá lágbára tó ló máa là. Gọ́ọ̀mù tó dáa sì máa ń le ju igi fúnra rẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tó fi sábà jẹ́ pé ara pákó ló ń là, tí ojú ibi tí a lẹ̀ á ṣì wà digbí.

Ẹ fún un láyè. Lórí pákó férémù tó dábùú, ihò àárín nìkan ni kí ó rí roboto. Àwọn tó kù, ẹ lu wọ́n gbọọrọ. Fún súkúrù onímílímítà 4, ihò tó gùn tó 10 mílímítà dáa, kí ó gùn sí apá ibi tí orí tábìlì ń fẹ̀ sí. Ẹ fi wáṣà sábẹ́ orí súkúrù, ẹ má sì fún un pa. Èmi fẹ́ràn ọ̀nà kejì jù: mo máa ń gbẹ́ igi kéékèèké tó ní ahọ́n, mo ń ki ahọ́n náà bọ inú ihò tóóró tí mo ti là sínú férémù, kí n tó fi súkúrù so ìdí igi náà mọ́ orí tábìlì. Ahọ́n á máa yọ̀ síwá sẹ́yìn nínú ihò, orí tábìlì ò sì ní gbéra.

Ẹ má fi gọ́ọ̀mù àti ìyẹ̀fun igi dí ojú tó là yẹn rárá. Tí igi bá tún wú, ohun tí ẹ dí síbẹ̀ á há a, á sì là síbòmíràn. Ẹ tú orí tábìlì kúrò, ẹ la á pátápátá ní ojú lílà náà, ẹ fi ìfági fá etí méjèèjì títí wọn á fi pàdé láìsí àlàfo, kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ padà.

Fún èyí tí ẹ máa ṣe lọ́jọ́ iwájú, pákó gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó gé e. Wọ́n máa ń ní kí a fi ọdún kan gbẹ íǹṣì kọ̀ọ̀kan tí pákó bá nípọn tó, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n ni mo gbà gbọ́. Ẹ tọ́jú pákó sínú ilé, ẹ máa wọ̀n ọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi pẹ́ńsù kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i lára. Tí kò bá fúyẹ́ sí i mọ́, ó ti bá afẹ́fẹ́ ilé náà mu.

Tí ẹ bá sì ń kun fánìṣì, iye ìgbà tí ẹ bá kun òkè ni kí ẹ kun abẹ́ náà, torí pé apá tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìkùn á máa yára mu omi ju èkejì lọ, orí tábìlì á sì ká.