Ta ni yóò gbé Àdùnní dání tí mo bá padà sẹ́nu iṣẹ́?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, Sabon Tasha ní Kàdúná ni mò ń gbé. Àdùnní, àkọ́bí mi, pé oṣù mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni ìsinmi ìbímọ mi máa parí. Akọ̀wé owó ni mí níléeṣẹ́ aládàáni kan nítòsí Ahmadu Bello Way, ₦95,000 ni wọ́n ń san fún mi lóṣù. Abuja lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń wọ rélùwéè wálé, ọjọ́ Àìkú ló ń padà. Màmá mi wá wẹ ọmọ fún mi fún oṣù méjì, wọ́n ti padà sídìí ọjà wọn. Kíréèṣì tó wà nítòsí ibi iṣẹ́ mi ń gba ₦45,000 lóṣù. Màmá kan ládùúgbò wa, ará Kafanchan, ń tọ́jú ọmọ nínú ilé wọn, ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ wọn báyìí, ₦20,000 ni wọ́n ń gbà. Ìyá ọkọ mi ní àwọn lè fi ọmọbìnrin ẹni ọdún mọ́kànlá kan ránṣẹ́ sí mi láti ilé, kí n kàn máa bọ́ ọ. Ọkọ mi ní tí kíréèṣì bá máa gba nǹkan bí ìdajì owó oṣù mi, èrè wo ló kù níbẹ̀? Kí n kúkú jókòó sílé. Orí mi ti dàrú. Kí ni kí n ṣe?
Ìyá Àdùnní, Kàdúná.

Ìyá Àdùnní, àbúrò mi, o kú ewu ọmọ. Inú mi dùn pé o kọ̀wé kí ọjọ́ Ajé tó dé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó máa ń kọ irú lẹ́tà yìí sí mi, ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ti jìyà ni wọ́n ń kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló ń da ìṣirò tó kù rú. Ta ló sọ pé inú owó oṣù tìrẹ nìkan ni owó kíréèṣì yóò ti jáde? Nígbà tí ẹ san owó ilé, ṣé owó oṣù rẹ nìkan lẹ gbé lé ìwọ̀n? Ìnáwó ilé ni ìtọ́jú ọmọ, bí owó ilé, bí owó iná. Owó tó ń wọlé fún ẹ̀yin méjèèjì ni kẹ́ ẹ dà pọ̀ kẹ́ ẹ tó yọ ti ọmọ kúrò níbẹ̀. Tó bá dé lọ́jọ́ Jímọ̀, jẹ́ kó jẹun, jẹ́ kó gbé ọmọ rẹ̀ ṣeré, kó o wá mú bébà àti báírò jókòó tì í. Má bá a jà. Mi ò rò pé ìkà ló ń ṣe. Ẹni tó ń gbọ́ bùkátà níbi méjì, Abuja àti Kàdúná, àyà rẹ̀ á máa já sí gbogbo ìnáwó tuntun.

Jẹ́ kó rí ohun tí kò sí nínú ìṣirò rẹ̀. Tí iléeṣẹ́ yín bá ń dá owó ìfẹ̀yìntì, òfin ọdún 2014 ní kí ọ̀gá iṣẹ́ máa fi ìdá 10 nínú 100 owó oṣù rẹ lé ìdá 8 tí wọ́n ń yọ lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ tó o bá jókòó sílé ni ìyẹn dúró. Àti iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀: o mọ iye àwọn tó ń gbé ìwé ẹ̀rí kiri ìgboro Kàdúná. Tó o bá fi àga yẹn sílẹ̀ lónìí, ẹlòmíràn á ti jókòó síbẹ̀ kí oṣù tó parí. Bó bá jẹ́ pé ọkàn ìwọ fúnra rẹ ló ń fà ọ́ sílé, ọ̀rọ̀ mi á yàtọ̀, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò rí i níbì kankan pé o fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀.

Ti ọmọ ọdún mọ́kànlá yẹn, rárá ni. Ọmọ ni òun náà. Láti ọdún 2004 ni òfin ti ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ka ìwé láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé ọdún kẹta girama. Tó o bá sì fi í sílé ní Sabon Tasha láti àárọ̀ títí dìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọmọ oṣù mẹ́ta, ìgbà wo ló fẹ́ lọ síléèwé? Mo yà kí ẹnì kan ní Nyanya rí, ìyá ilé ti lọ sọ́jà. Ọmọbìnrin tí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ ló ṣílẹ̀kùn fún mi, ó pọn ọmọ, oorun ń gbé e lójú, omi ń hó lórí sítóòfù lẹ́yìn rẹ̀. Mo jókòó tì wọ́n títí ìyá ilé fi dé, mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́ ni, nítorí náà má jẹ́ kí èsì náà ti ẹnu rẹ jáde. Ọkọ rẹ ni kó pè wọ́n, kó dúpẹ́ dáadáa, kó ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà gbájú mọ́ ìwé rẹ̀.

Ó wá ku méjì. Kí n tó sọ èyí tí mo fẹ́, jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Kubwa ní Abuja là ń gbé nígbà tí mo bí ọmọ mi kejì. Ẹnì kan júwe kíréèṣì kan fún mi. Wọ́n ya pẹ́pẹ́yẹ àti labalábá sára ògiri, aṣọ kan náà ni àwọn áńtí ibẹ̀ ń wọ̀. Mo sanwó tẹ́ẹ̀mù kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ìdí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Mo béèrè, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ làwọn ń pààrọ̀ pámpásì, pámpásì mẹ́ta tí mò ń kó síbẹ̀ sì ń tán lóòótọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo fi báírò fa ìlà kékeré kan sí ẹ̀yìn pámpásì tó wà nídìí rẹ̀, níbi tí ojú ò ti lè tètè rí i. Mo gbé e délé lálẹ́, mo tú u, mo rí ìlà mi níbẹ̀. Pámpásì náà ti wúwo bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Mẹ́ta tó wà nínú báàgì ò sí mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́, mo yọ sí wọn láago mọ́kànlá. Ọmọ mẹ́tàlá ni mo kà lórí ẹní. Ọmọdébìnrin kan ṣoṣo ló wà pẹ̀lú wọn. Àwọn áńtí tó kù ti lọ kọ́ àwọn ọmọ ńlá ní kíláàsì. Inú bí mi sí ọmọbìnrin yẹn gan-an lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn ìgbà náà ló yé mi pé ọwọ́ méjì péré ló ní. Kò sí bó ṣe fẹ́ fi tọ́jú ọmọ mẹ́tàlá.

Látìgbà náà, ọwọ́ ni mò ń kà. Ọmọ mélòó ló wà lọ́wọ́ ẹnì kan? Fún ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó bíi Àdùnní, tó bá ti lé ní mẹ́rin, mi ò ní gbé ọmọ síbẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Láago mọ́kànlá tàbí aago méjì ọ̀sán ni kó o lọ, láìsọ fún wọn. Àárọ̀ kùtù, gbogbo ibi ló mọ́. Tó o bá bá gbogbo ọmọ lójú oorun, wọn ò sì ta pútú nígbà tí ariwo sọ, béèrè ohun tí wọ́n fún wọn mu. Àwọn kan máa ń rọ oògùn ikọ́ fún ọmọ kó lè sùn; mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí.

Wo fèrèsé pẹ̀lú. O mọ bí ooru Kàdúná ṣe ń rí lóṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, nígbà ẹ̀rùn tí yírùnyírùn, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, máa ń jà níbi tí èèyàn bá pọ̀ sí tí atẹ́gùn ò ráyè wọlé. Kó o sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń wo káàdì àjẹsára àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbà. Oṣù mẹ́sàn-án ni Àdùnní máa tó gba àkọ́kọ́ abẹ́rẹ́ èéyi, ẹlẹ́ẹ̀kejì di oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Títí dìgbà náà, abẹ́rẹ́ tí àwọn ọmọ tó kù ti gbà ló ń ṣọ́ ọ.

Tí kíréèṣì ẹ̀bá iṣẹ́ rẹ bá kọjá níbi gbogbo èyí, ibẹ̀ ni kó o gbé e lọ, ṣùgbọ́n fún oṣù mẹ́ta péré. Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ọyàn. Títí tó fi máa pé oṣù mẹ́fà, ọyàn nìkan ló yẹ kó máa mu. Abala 54 nínú òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa sọ pé obìnrin tó ń fọ́mọ lọ́yàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀méjì lójúmọ́ láàárín àkókò iṣẹ́, iléeṣẹ́ aládàáni náà wà nínú rẹ̀. Ọ̀gá rẹ lè má sọ fún ọ. Kọ ìwé sí wọn, ìwé pẹ̀lẹ́ olójú ewé kan, kó o mú ẹ̀dà kan pamọ́. Tí kíréèṣì bá wà nítòsí, wàá lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ, wàá fún un lọ́yàn, wàá padà sórí tábìlì rẹ. Ìwọ̀nba ₦75,000 ni owó tó fi ju ti Màmá Kafanchan lọ láàárín oṣù mẹ́ta náà. Lọ béèrè iye tí wọ́n ń ta agolo mílíìkì ọmọdé kan ní Sabon Tasha, kó o ṣírò iye tó máa mu tán, wàá rí i pé ₦75,000 yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀.

Ohun tí màá bá ọkọ rẹ sọ, ká ní mo wà níbẹ̀, ni pé kó mú ₦30,000 wá lóṣù, kí ìwọ fi ₦15,000 kún un. Tí ẹ bá ń dá àjọ níbi iṣẹ́, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó kàn ọ́ lóṣù yìí. Má sanwó tẹ́ẹ̀mù. Oṣù kan kan ni kó o san, kó o lè rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Nígbà tó bá pé oṣù mẹ́fà, tó ti ń lá kókó àti ẹyin, gbé e lọ sọ́dọ̀ Màmá Kafanchan. Pẹ̀lú Àdùnní, ọmọ mẹ́rin ló máa wà lọ́wọ́ wọn. Kí wọ́n ṣèlérí fún ọ pé àwọn ò ní gba ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Bá wọn sọ ọ́ láti ìsinsìnyí, kó o fi nǹkan díẹ̀ di àyè náà mú. Owó kíréèṣì á wá relẹ̀, ìwọ náà ò ní máa gbé ọmọ sọdá odò nínú kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ ọyẹ́ mọ́.

Tí kíréèṣì náà ò bá dára lójú rẹ, má ronú lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀dọ̀ Màmá náà ni kó o gbé e lọ lọ́jọ́ Ajé. Fún ọyàn sínú ìgò tó o ti sè nínú omi gbígbóná. Níbi tó tutù, kì í ju wákàtí mẹ́rin lọ kó tó bàjẹ́, ooru Kàdúná ò sì ní jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀. Nínú kúlà tí yìnyín wà dáadáa, ó lè dúró títí dé wákàtí 24. Kí wọ́n má gbé e kaná o. Inú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí wọ́n gbé ìgò sí.

Má jẹ́ kí ọjọ́ Ajé jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tó máa dá wà láìsí ìwọ. Gbé e lọ fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Ẹtì yìí, kó o fi ìró tó o fi ń so ó mọ́ra sílẹ̀ fún un, kó máa gbóòórùn rẹ. Ó máa sunkún. Ìwọ náà lè sunkún lójú ọ̀nà. Mo sun tèmi nínú bọ́ọ̀sì láti Kubwa dé Berger.

Lọ́la, láago mọ́kànlá, lọ wo kíréèṣì náà. Ka àwọn ọmọ tó wà lórí ẹní, ka àgbà tó wà pẹ̀lú wọn, kó o kọ iye méjèèjì ránṣẹ́ sí mi. Mò ń retí rẹ.